Koríko Ojú Omi àti Igi Àgbọn: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí A Ń Ṣòwò Kékeré

Ọpẹ́ ni fún Allāh, Ọlọ́hun Ọba tó ń pèsè fún ẹyẹ ojú ọ̀run àti ẹja inú ibú. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tó ti ṣòwò kí ó tó di òjíṣẹ́, tí àwọn ará Mẹ́kà sì ń pè ní Olóòótọ́, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Púpọ̀ nínú wa tó ń jókòó sí ìpàdé yìí ló ní nǹkan kan tó ń tà. Ẹnì kan ń rán híjáàbù, ẹnì kan ń tún fóònù ṣe, ẹnì kan fi tábìlì kan àti agbòòrùn kan ṣe POS lẹ́bàá títì, ẹlòmíràn ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní kóńgò níwájú ilé. Àwọn mìíràn gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kí wọ́n tó dúró nídìí ọjà, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n kàwé fún kò yọjú. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ láti Mile 2 títí dé Alaba ti di ohun tí oníṣòwò kékeré ń rò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jáde nílé.

Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa ní gbangba. A máa ń bi í lọ́kàn nígbà tí a bá ń ka owó alẹ́. Ìbéèrè náà nìyí: ǹjẹ́ òótọ́ lè mú òwò kékeré dúró? Tàbí òótọ́ jẹ́ ohun tí olówó nìkan lè fi ṣe ẹ̀ṣọ́, tí tálákà kò ní agbára àtirà?

A kò fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí bí ẹni tó ń wàásù láti orí òkè. Ó ti kàn wá rí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ròyìn bí ó ṣe kàn wá.

ÀPÒ ÌRẸSÌ MẸ́RIN

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa mélòó kan da owó pọ̀ láti máa ra ìrẹsì ní àpò-àpò kí a sì máa tà á ní kóńgò ní àdúgbò wa ní Festac. Owó náà kò pọ̀. Lára àwọn tó dáwó ni olùkọ́ ilé kéwú bíi tiwa wà, akẹ́kọ̀ọ́ wà, ìyá opó kan sì wà tó mú owó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wá. Ó ní òun kò fẹ́ gbé e sí báńkì tí yóò fún òun ní èlé. Òun fẹ́ èrè hàláàlì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wa nínú lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó di ẹrù lórí wa.

Oṣù Keje ni. Òjò rọ̀ láti òru mọ́jú, gọ́tà kún, omi padà sẹ́yìn wọ inú yàrá tí a ń kó ọjà sí. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àpò mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ ti mu omi. Òwò wa kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Àpò mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí a ní.

Ọ̀kan nínú wa sọ pé kí a sá a sórí tapólì, kí a sì máa po díẹ̀díẹ̀ mọ́ èyí tó dára. Ó ní kóńgò kan nínú márùn-ún, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò sí ìrun tó ń fi í sílẹ̀. Ohun tó sọ tẹ̀lé e ló gbá wa láyà mú: ó ní kì í ṣe owó tiwa nìkan là ń dáàbò bò, owó opó ni. Ó ní àwọn tí yóò ra ìrẹsì náà yóò sè é jẹ, kò ní pa wọ́n. Ṣùgbọ́n tí owó ìyá yìí bá run, kí ni a fẹ́ sọ fún un?

A dákẹ́. A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín pé àwa tí a jẹ́ olùkọ́ láàárín wọn, tí a mọ hádíìsì tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, àwa náà dákẹ́. A mọ̀ ọ́n dájú. Ìmáàmù Muslim gbà á wá pé Ànábì kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ìka rẹ̀ kan ibi tó tutù nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé èéṣe tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá rẹ́ wọn jẹ kò sí lára òun. Òjò ló pa tirẹ̀, òjò ló pa tiwa. Kò sí ẹjọ́ tó tún lè jọra jù báyìí lọ. Síbẹ̀ a dákẹ́, nítorí ẹnu ilé kéwú yàtọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ ná. A óò padà sí i.

OHUN TÍ OMI ÀTI ILẸ̀ Ń KỌ́ WA

Ìlú tí à ń gbé yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac nítorí àwọn àlejò tí yóò wá sí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé. Àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀ ní 15 oṣù Kìíní, ó sì parí ní 12 oṣù Kejì, ọdún 1977. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ni. Àjọ̀dún ti lọ, àlejò ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lẹ́yìn wọn ti sọ ibùdó àlejò di ìlú, wọ́n sì ti sọ iwájú ilé di ìsọ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ariwo kọ́ ló ń mú nǹkan pẹ́, bí kò ṣe ìwúlò rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá wa dé etí omi. Gbogbo ẹni tó bá ti gba orí afárá kan kọjá ní agbègbè Amuwo-Odofin ti rí koríko kan tó ń léfòó lójú omi, ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ó lẹ́wà lójú. Koríko yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ẹwà òdòdó rẹ̀ ló sì mú kí àwọn ènìyàn máa gbé e káàkiri ayé. Ní ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí i ní ọ̀sà Àgbádárìgì, ó bá omi wá láti apá orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá. Kò pẹ́ tó fi gba ojú omi lọ bíi rẹrẹ. Bí ibi tó wà bá bá a lára mu, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ni apẹja rí nínú ìdàgbàsókè yẹn? Ọkọ̀ ojú omi kò rí ọ̀nà kọjá. Àwọ̀n kò wọ omi. Koríko náà bo oòrùn mọ́ àwọn ohun abẹ̀mí tó wà nísàlẹ̀, èémí omi dínkù, ẹja kú tàbí kí wọ́n sá. Gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú omi ni wọ́n ń fì sí, wọn kò kan ilẹ̀. Ẹ wá wo òpin rẹ̀. Nígbà tí òjò bá dá tí ẹ̀ẹ̀rùn sì dé, omi òkun oníyọ̀ a wọ inú ọ̀sà. Koríko yìí kò lè gba iyọ̀. Yóò pọ́n, yóò jẹrà, yóò sì rì.

Ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ síwájú, ẹ ó rí igi àgbọn. Iyanrìn ló dúró sí. Atẹ́gùn oníyọ̀ ń lù ú tọ̀sán-tòru. Irú àgbọn tó ga yẹn kì í so kí ó tó tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà, òmíràn a ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tó gbìn ín kò rí ju ewé lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè máa so títí ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Omi rẹ̀ wúlò, ẹran rẹ̀ wúlò, èèpo rẹ̀ wúlò, imọ̀ rẹ̀ wúlò. Iyọ̀ tó pa koríko kò pa á.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ẹ̀yin náà mọ ìsọ̀ tó dà bíi koríko yẹn. A ṣí i lóṣù yìí, ó ti ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ti ní pátákó ńlá, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló ń dúró níbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀: owó àjọ ẹlẹ́gbẹ́ ni, ọjà àwìn ni, owó tí a yá lórí fóònù ni, lọ́wọ́ àwọn tí yóò fi orúkọ ẹni ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀ ẹni bí ọjọ́ bá pé tí a kò san án. Kò sí gbòǹgbò kan níbẹ̀ tó kan ilẹ̀ tirẹ̀. Bí ìgbà òjò bá wà, á máa tutù yọ̀yọ̀. Ọjọ́ tí iyọ̀ bá wọlé, bí owó dọ́là bá fò sókè tàbí tí epo bá wọ́n, ìsọ̀ náà a rì, a sì rì pẹ̀lú owó àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

Nínú Súrà Ar-Ra‘d, Ọlọ́hun ṣe àpèjúwe omi tó ṣàn tó ru ìfòfó sókè. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìfòfó yóò lọ lófo, ohun tó ń ṣe ènìyàn láǹfààní ni yóò kù sórí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa bi ìsọ̀ rẹ̀ léèrè: kí ni àǹfààní tí ìsọ̀ yìí ń ṣe fún àdúgbò, tó fi jẹ́ pé bí ó bá tì lọ́la, ẹnì kan yóò sọ pé ó dun òun?

Oyin náà ní ti tirẹ̀. Súrà kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, An-Nahl. Nínú hádíìsì tí Ìmáàmù Ahmad gbà wá, Ànábì fi onígbàgbọ́ òdodo wé oyin: ohun tó dára ló ń jẹ, ohun tó dára ló ń mú jáde, bí ó bá sì bà lé nǹkan, kì í ṣẹ́ ẹ, kì í bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn fi kún un fún wa pé bí oyin ti ń gba oje lọ́wọ́ òdòdó, òun náà ló ń gbé àtíkè òdòdó kan dé èkejì, tí èso fi ń wà. Òdòdó kò pàdánù. Àwọn méjèèjì ló jèrè. Òwò tòótọ́ nìyẹn. Bí oníbàárà bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ, tó délé tí kò bínú, o ti ṣe bí oyin.

OHUN TÍ ÌWÉ ÀWỌN ÀGBÀ Ń KỌ́ WA

Àwọn kan nínú wa rò pé ìwé ìtàn àtijọ́ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a kọjá ní ilé kéwú mọ Kalīla wa Dimna, ìwé tí Ibn al-Muqaffa‘ fi èdè Lárúbáwá kọ ní nǹkan bí 1,250 ọdún sẹ́yìn. Inú èdè Páṣíà ló ti tú u, gbòǹgbò rẹ̀ sì wá láti Íńdíà. Ìtàn ẹranko ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ènìyàn ni.

Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ nípa olùfọkànsìn kan tí wọ́n máa ń fún ní òrí màlúù àti oyin. Ó ń tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ìkòkò kan tó fi kọ́ sókè orí ibùsùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dùbúlẹ̀, ó ń ronú: òun yóò ta èyí, òun yóò fi ra ewúrẹ́, ewúrẹ́ yóò bímọ, òun yóò fi ra màlúù, òun yóò ra ilẹ̀, òun yóò kọ́lé, òun yóò fẹ́ ìyàwó, ìyàwó yóò bí ọmọkùnrin. Bí ọmọ náà kò bá sì gbọ́ràn, ọ̀pá yìí ni òun yóò fi nà án. Bí ó ti gbé ọ̀pá sókè, ó lu ìkòkò, ìkòkò fọ́, oyin dà sí i lójú. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Mélòó nínú wa ló ti ná èrè oṣù Ramadan kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀? Ìkòkò kan ṣoṣo là ní, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣọ́ ọ.

Ìtàn kejì dá lórí oníṣòwò kan tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ó kó irin fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó dé, ọ̀rẹ́ náà ní eku ti jẹ irin. Oníṣòwò náà kò bá a jà. Ó jáde, ó mú ọmọ ọ̀rẹ́ náà lọ sí ilé rẹ̀. Nígbà tí bàbá ọmọ ń wá a kiri, ó ní òun rí àwòdì tó gbé ọmọ kan lọ. Bàbá figbe ta pé ta ló gbọ́ ọ rí pé àwòdì gbé ọmọ ènìyàn? Ó dá a lóhùn pé ní ìlú tí eku ti ń jẹ irin, kí ni àwòdì kò lè gbé? Bàbá náà jẹ́wọ́, ó dá irin padà, ó sì gba ọmọ rẹ̀.

Ìtàn yìí jinlẹ̀ ju ẹ̀rín tó wà nínú rẹ̀ lọ. Òpùrọ́ rò pé òun nìkan ni irọ́ òun yóò wúlò fún. Kò mọ̀ pé bí irọ́ bá ti wọ ìlú, kò ní dúró níbi tí òun gbé e sí. Yóò rìn yí ká, yóò sì dé orí ohun tí òun fẹ́ràn jù.

Nínú àlọ́ ilẹ̀ wa pẹ̀lú, Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ó fẹ́ gbé e pamọ́ sórí igi kí ẹlòmíràn má rí i. Ó so ó mọ́ àyà, kò lè gùn. Ọmọdé kan ló sọ fún un pé kí ó so ó mọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo ọgbọ́n ayé wà nínú akèrègbè, síbẹ̀ èyí tó nílò wà lẹ́nu ọmọdé. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́, ẹ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí ìyàwó yín mọ iye tí òwò ń pa, ẹ gbọ́ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá ka ìwé Fágúnwà tó jáde ní ọdún 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, yóò rántí pé Àkàrà-ògùn nìkan kọ́ ló lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó alágbára bá a lọ, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n bá a lọ, Olóhùn-iyọ̀ bá a lọ, àwọn mìíràn sì wà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀bùn ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Onígbàgbọ́ mìíràn ni Fágúnwà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò ní ẹ̀yà. Bí ẹ bá fẹ́ da òwò pọ̀, ẹ má ṣe wá ẹni tó jọ yín nìkan. Ẹ wá ẹni tó mọ ohun tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò lè sọ pé rárá fún yín.

ǸJẸ́ ÒÓTỌ́ Ń MÓWÓ WÁ?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa.

Ìdáhùn kan wà tí àwa oníwàásù fẹ́ràn: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣòótọ́, ẹ ó sì lówó. A kò fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ṣòótọ́ ló ń lówó, kò ní sí ìdánwò nínú òótọ́ mọ́. Olè pàápàá yóò máa ṣòótọ́, nítorí owó ni òun náà ń wá. Ẹni tó bá sì torí owó ṣòótọ́, ọjọ́ tí owó kò bá wá ni yóò fi òótọ́ sílẹ̀.

Ìdáhùn kejì ni ti ọjà: òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn kan a tilẹ̀ fi ẹja ṣe ẹ̀rí, wọ́n á ní ẹja ńlá ló ń gbé kékeré mì, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun ṣe dá ayé. A kò fara mọ́ èyí náà. Ẹ wò ó dáadáa: irọ́ kò lè dá dúró lọ́jà. Ẹni tó dín ìdí kóńgò rẹ̀ kù ń jèrè nítorí pé àwọn ènìyàn gbà pé kóńgò pé. Ta ló mú kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀? Àwọn tí kóńgò tiwọn pé ni. Ọjọ́ tí gbogbo kóńgò bá dínkù, oníbàárà yóò ti mọ̀, yóò ti yọ ọ́ kúrò nínú iye tí yóò san, irọ́ náà kò ní mú èrè wá mọ́. Nítorí náà, òpùrọ́ ń jẹ nínú ohun tí olóòótọ́ gbìn, bí koríko ojú omi ti ń léfòó lórí omi tí kì í ṣe òun ló pọn ọ́n. Abájọ tí odidi Súrà kan, Al-Mutaffifīn, fi sọ̀kalẹ̀ lórí àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù.

Ní ti ẹja, a ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ohun tí Ọlọ́hun dá sí àyíká wa jẹ́ àmì fún àwa tí a ní làákàyè. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹranko ń ṣe la pa á láṣẹ fún wa láti ṣe. Bí ẹja bá gbé ẹja mì, a kò ní pè é lẹ́jọ́. Bí àgbọn bá so, kò ní láádá, nítorí igi àgbọn kò lè purọ́. Kò lè fi omi iyọ̀ kún inú èso rẹ̀ kí ó sì tà á bí omi dídùn. Àwa ni a lè purọ́. Àwa ni a lè rí àpò tó tutù kí a sì gbé e sábẹ́. Ibi tí a ti lè purọ́, tí a kò sì purọ́, ibẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ga ju igi lọ.

Ìdáhùn tiwa nìyí: òótọ́ kì í ṣe ọgbọ́n àtilówó, ilẹ̀ tí òwò dúró lé ni. Ilẹ̀ kò ṣèlérí pé òjò yóò rọ̀. Ọ̀dá lè dá lórí ilẹ̀ tó dára jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí ọ̀dá kúrò lórí ilẹ̀, kí ni yóò gbin àgbọn sí?

BÍ Ọ̀RỌ̀ ÌRẸSÌ ṢE PARÍ

Níbi tí a dákẹ́ sí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, arábìnrin kan ló sọ̀rọ̀, òun ló sì kéré jù nínú wa. Kò ka hádíìsì. Ó kàn bèèrè pé, "Ṣé ìyá yẹn kì í ra ìrẹsì jẹ ni? Tó bá wá rà lọ́dọ̀ wa lọ́la, inú àpò wo la ó ti wọ̀n ún fún un?"

Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Opó tí a fẹ́ torí rẹ̀ rẹ́ni jẹ, opó mìíràn ni yóò wá ra ọjà. Àánú tí a ní fún ọ̀kan ni a fẹ́ fi da èkejì.

A sá ìrẹsì náà, èyí tí kò bàjẹ́ jù ni a tà lọ́tọ̀ ní ẹ̀dínwó, a sì ń sọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan pé omi ti wọ̀ ọ́. Ìyókù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin adìẹ. Owó tó wọlé kò tó nǹkan. Nínú òwò àjọṣe, Sharia jẹ́ kí a lè pín èrè bí a bá ti ṣàdéhùn, ṣùgbọ́n àdánù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìwọ̀n owó tí oníkálukú mú wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín in, owó ìyá náà sì dínkù bíi ti gbogbo wa.

A lọ bá a nílé rẹ̀, a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a kò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan ìmọ̀ràn àtipò tó wáyé láàárín wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò súre fún wa lójú ẹsẹ̀ bí a ti ń rí i nínú ìtàn. Ó ní owó ilé ìwé ọmọ òun wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Díẹ̀ nínú wa dá owó tiwa, a fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Kò tó ohun tó pàdánù. Òwò náà kò rù, kò sanra títí ìparí ọdún yẹn. Ẹni méjì kúrò, a kò bá wọn jà. A kò ní parọ́ fún yín pé ìrẹsì náà di wúrà.

Ṣùgbọ́n a gbé gbogbo ọjà kúrò nílẹ̀, a ra pákó sábẹ́ rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé níwájú ẹlẹ́rìí méjì, bí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ nínú āyah tó gùn jù nínú Àlùkùráánì, èyí tó dá lórí gbèsè kíkọ. Ìyá náà kò kó ohun tó ṣẹ́kù nínú owó rẹ̀ jáde. Nígbà tí a bi í, ó ní ẹni tó lè wá sọ fún òun pé òun pàdánù, ó lè wá sọ fún òun lọ́jọ́ tí òun bá jèrè.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rán wa létí Ìmáàmù Abū Hanīfa, tó kú ní ọdún 150 Hijira, ìyẹn 767. Oníṣòwò aṣọ ni ní ìlú Kūfa. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ó fi aṣọ rán alábàáṣe rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé ọ̀kan ní àbùkù, kí ó fi han ẹni tó bá fẹ́ rà á. Alábàáṣe náà gbàgbé, ó tà á, kò sì mọ ẹni tó rà á mọ́. Nígbà tí Ìmáàmù gbọ́, gbogbo owó ọjà náà ló fi ṣe sàráà. Ní ilé kéwú, a máa ń ka ìtàn yìí bí ìtàn ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Lẹ́yìn ìrẹsì wa, a mọ̀ pé ìtàn owó ni pẹ̀lú. Ó dùn ún. Bí kò bá dùn ún, wọn kò ní kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nítorí náà, kí olúkúlùkù wa padà sí ìdí ọjà rẹ̀. Ẹ yẹ kóńgò yín wò. Ẹ yẹ ìwé àwìn yín wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òwò yín fẹ̀ ju gbòǹgbò rẹ̀ lọ. Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín ní ohun tí ẹ mọ̀. Bí omi bá wọ àpò kan, ẹ gbé e sókè kí ènìyàn rí i. Iyọ̀ yóò dé. Kò sí òwò tí iyọ̀ kì í dé bá. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ó bá wa lórí ilẹ̀, kì í ṣe lójú omi.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí Ó fi hàláàlì tó wa, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa dùn níbi tí owó ẹlòmíràn ti kórò. Kí Ó dá ohun tó sọnù lọ́wọ́ àwọn ìyá wa padà fún wọn ní ọ̀nà tó dára jù. Āmīn.